Ẹsẹ̀ Òsì Ọkọ Mi

Kí mọ́tò Àlàájì tó dé, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹsẹ̀ ọkọ mi sí nǹkan kan. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo Ìlobù ń yìn. Wọ́n ní bó bá wà nídìí lọ́rì, ẹni tó gbé ìkòkò omi lé itan lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní í rí omi kán sáṣọ rẹ̀. Àsọdùn ni, torí mo ti wọ lọ́rì náà dé Òṣogbo, mo sì mọ bí ìdí ṣe dùn mí tó. Ṣùgbọ́n orúkọ rere ni, ó sì yẹ ẹ́. Ní gbogbo ọdún tó fi wa lọ́rì onípákó kiri, kò da èrò sí kòtò rí, kò sì pa ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ń rìn lọ ládùúgbò, "Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o" ni wọ́n fi ń kí i, á sì dáhùn bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi í jẹ. Èmi máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá gba lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tí yóò kù tí mo lè pè ní ọkọ. Ẹ̀rín là ń fi í rín nígbà náà.

Ọmọ Ìfọ́n ni mí, Ìlobù ni mo lọ́kọ sí. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ ohun tí mo wí yẹn. Ìlú méjì tí adìẹ ọ̀kan lè jẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé èkejì ni wá, a sì ti ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn kan nínú agbo ilé wa bi mí pé ṣé ọkùnrin ti tán ní Ìfọ́n ni. Àbúrò bàbá mi kan wà tó ń ra kòkó, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àlàájì torí pé ó ti dé Mẹ́kà. Òun nìkan ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kí n fẹ́ ẹni tó wù mí. Mi ò gbàgbé oore yẹn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa padà rí.

Ní àwọn ọdún tí kòkó lówó lórí, kí òmìnira tó dé, Àlàájì ra mọ́tò kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé láti Ìbàdàn. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni. Ó gùn gbọọrọ, ó dúdú, ó sì ń dán débi pé àwọn ọmọge ń wo ara ìlẹ̀kùn rẹ̀ wé gèlè. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò ní kúlọ́ọ̀ṣì. Fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Nínú lọ́rì, irin mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ẹsẹ̀ dírẹ́bà: ọ̀kan tí ọkọ̀ fi ń sáré, bíréèkì láàárín, àti kúlọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kó tó pààrọ̀ jíà tàbí kó tó dúró. Nínú mọ́tò yìí, méjì péré ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì ń tẹ méjèèjì. Ẹsẹ̀ òsì di ọ̀lẹ, kò níṣẹ́ kankan.

Àlàájì ní òun kò mọ ẹni tí òun lè fọkàn tán ju àna òun lọ. Ó rán ọkọ mi lọ sí Ìbàdàn, dírẹ́bà òyìnbó yẹn sì kọ́ ọ kó tó gbé mọ́tò wálé. Nígbà tó dé, ó sọ fún mi pé ńṣe ni òun ń fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn sábẹ́ àga, kó má baà máa wá kúlọ́ọ̀ṣì tí kò sí. Ó ní ó ń yún un láti tẹ nǹkan, bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú mọ́sáláṣí. Ṣùgbọ́n ó mọ mọ́tò náà wà, ó sì ń wà á jẹ́jẹ́. Àwọn ará Ìfọ́n ń kùn pé Àlàájì fojú fo gbogbo ọmọ Ìfọ́n, ó lọ gbé ọmọ Ìlobù sídìí mọ́tò. Inú ọkọ mi sì dùn ní gbogbo àkókò yẹn ju bí mo ṣe rí i rí lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bó bá wà lórí ìrìn, kò sóhun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń rọra, tó fẹ́ dúró, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n, á húkọ́, á sì dákẹ́. Nígbà mìíràn èéfín funfun á yọ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú. Àwọn ọkùnrin á jáde nílé, wọ́n á káṣọ sókè, wọ́n á máa tì í bí a ṣe ń ti lọ́rì kó lè ta, ṣùgbọ́n mọ́tò tí kò ní kúlọ́ọ̀ṣì kì í gbọ́ títì. Wọ́n á tì í títí wọ́n á fi làágùn, wọ́n á wá dúró, wọ́n á máa wo ẹni tó jókòó nídìí rẹ̀.

Mo ní láti sọ ìdí tí wọ́n fi ń wò ó. Gbogbo dírẹ́bà ayé ìgbà náà, lọ́rì ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ń fi ìfọ́tí kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé bó o bá tẹ bíréèkì láti dúró, tí o kò tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n, á kú. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kú níbi tó ti fẹ́ dúró, kò sẹ́ni tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà ni wọ́n ń bi léèrè. Àwọn tí kò tíì wa ọkọ̀ rí pàápàá mọ òfin yìí. Ìyá tó ń ta ọṣẹ lẹ́bàá ọ̀nà mọ̀ ọ́n.

Mẹ́kánìkì kan ní Òṣogbo ló kọ́kọ́ dájọ́. Wọ́n gbé mọ́tò náà lọ bá a, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọ ohun tó yẹ kó fọ̀. Ó wo abẹ́ mọ́tò, kò rí ẹ̀kán epo kankan nílẹ̀, ó ní jíà kò ṣe nǹkan kan, torí bí epo jíà bá ń dín, ilẹ̀ ni yóò ti hàn. Ní ti èéfín, ó ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í mu sìgá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó jókòó ti ọkọ mi, ó ní kó wà á lọ. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ yà, mọ́tò kú. Ó yíjú sí Àlàájì tó wà lẹ́yìn, ó ní ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin yìí ni. Ó ní ó ti bá kúlọ́ọ̀ṣì lò pẹ́, ó ń wá a kiri, bíréèkì ló sì ń bá, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ìyẹn ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò lè ní ó purọ́. Ohun tó mọ̀ ló sọ, ohun tí gbogbo wọn sì mọ̀ náà nìyẹn.

Ọkọ mi ní òun kò fẹsẹ̀ kan nǹkan kan. Àlàájì ní kó lọ ṣọ́ ẹsẹ̀ náà dáadáa.

Ó ṣọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gba ìborùn mi kan tó ti gbó, ó ní òun fẹ́ fi ṣe nǹkan. Mi ò bi í. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, mo rí àpá ibi tí aṣọ ti fún un lọ́rùn ẹsẹ̀, mo sì bi í ohun tó ṣe é. Ó ní ńṣe ni òun fi dè é mọ́ irin abẹ́ àga.

Ó ní, "Mo dè é pinpin. Mọ́tò ṣì kú níwájú ọjà Ìfọ́n."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá wa. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹsẹ̀ yín?"

Ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè. Ó wá ní, "Àbí aṣọ náà ló dẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo ti mọ̀ pé ayé lè sọ ohun tó bá wù wọ́n nípa ènìyàn, ẹnu wọn kì í rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń ràn. Ní Ìfọ́n, wọ́n ní ọmọ Ìlobù mọ̀ọ́mọ̀ ń ba mọ́tò jẹ́ ni, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní Ìlobù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wa lọ́rì sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-wúwo. Bí mo bá dé ilé bàbá mi, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá dé ilé ọkọ, wọ́n á dákẹ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ wá dà bí àlejò níbi méjèèjì. Mo bá àwọn kan jà létí odò nítorí rẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ tí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, Àlàájì ń lọ kí kábíyèsí pẹ̀lú àwọn àlejò láti Òṣogbo. Ẹnu géètì ààfin Ìfọ́n gan-an ni mọ́tò kú sí, mọ́tò àwọn àlejò sì tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn kò rọ́nà kọjá. Èrò pé jọ. Àwọn ọ̀dọ́ tì í wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń fi orin bú Ìlobù. Àlàájì sọ̀ kalẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ gba fèrèsé wọlé.

"Àna mi, fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Má bínú."

Ọkọ mi jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àlàájì kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ẹni tí wọ́n bú lè rí ẹni tí yóò bínú sí.

Mo rò pé yóò padà sídìí lọ́rì. Ẹni tó ni lọ́rì tó ń wà tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó kàn fi kún un pé àwọn yóò kọ́kọ́ wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí. Ọkọ mi ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun kò ní í fi ẹsẹ̀ òun pa ọmọ ẹlòmíràn. Ó gbé ọkọ́, ó gba oko lọ. Ilẹ̀ iṣu ni ilẹ̀ wa, kò sí ìtìjú nínú oko ríro. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà lọ sóko, ẹ̀yìn ilé ló gbà, kó má baà pàdé àwọn tí yóò kí i ní dírẹ́bà.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Kò ṣubú, nǹkan kan kò gún un, ẹsẹ̀ náà kò wú. Mo fi ọ̀rí pa á, mo fi omi gbígbóná jẹ ẹ́, kò sí ibi kan tó ń dùn ún. Ó kàn ń wọ́ ọ ni, bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá jókòó jẹun, mo máa ń rí i tí ẹsẹ̀ náà ń tẹ ilẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á jù ú sílẹ̀. Ohun tí kì í ṣe rí nínú mọ́tò, ó wá ń ṣe é lórí ẹní. Ọjọ́ kan mo bú ẹsẹ̀ náà. Mo ní, "Ìwọ yìí, kí la fi ṣẹ̀ ọ́?" Òun náà wò ó, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Àlàájì gba dírẹ́bà tuntun láti Ìbàdàn, géńdé kan tó ń dé fìlà gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí òun náà dé tí mọ́tò fi ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan wá sí Ìlobù wá sọ fún wa pé, ẹ wò ó, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọkọ yín? Wọ́n ní ọmọ Ìlobù yẹn ti bà á jẹ́ kó tó lọ ni. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá mi ń ṣàìsàn nígbà náà, mo sì wà ní Ìfọ́n, mò ń tọ́jú rẹ̀, nígbà tí Àlàájì ránṣẹ́ pe mẹ́kánìkì mìíràn. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ti dàgbà, ó sì ti bá àwọn òyìnbó tún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe ní Èkó. Abẹ́ igi níwájú ilé Àlàájì ló ti ṣiṣẹ́, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá mi, mò ń ṣa ẹ̀wà, etí mi sì wà lọ́dọ̀ wọn. Kò bi wọ́n pé ta ló ń wà á. Ìgbà tó ń kú ló ń bi wọ́n. Wọ́n ní ìgbà tó bá fẹ́ dúró ni. Ó bi wọ́n pé bó bá wà lórí ìrìn ńkọ́? Wọ́n ní kì í kú. Ó ní, "Ẹ gbà mí láyè."

Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sábẹ́ mọ́tò, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Nígbà tó fà á yọ, kò sí ẹ̀kán epo lára rẹ̀. Ó wá ta ẹ́ńjìnnì, ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpótí jíà láti fi wọn epo inú rẹ̀. Epo yẹn pọ́n bí epo ẹyìn, ṣùgbọ́n ìdí irin náà nìkan ló kàn. Ó ní epo tí kò dà sílẹ̀, tí kò sì sí nílé, ẹnì kan ló ń mu ún. Ó fi aṣọ kan náà bo ẹnu sàlẹ́ńsà níbi tí èéfín ti ń jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ó mi orí, ó sì wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

Ohun tó mú jáde kò tóbi ju agolo ìpara lọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Àlàájì, mo sì súnmọ́ wọn kí n lè gbọ́. Ó ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló dá inú agolo náà sí méjì. Páìpù tín-ín-rín kan ti ara ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì máa ń fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Bí rọ́bà náà bá ṣe ń sún ni jíà fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí padà. Rọ́bà náà ti ya. Epo jíà ni ẹ́ńjìnnì wá ń fà mu dípò afẹ́fẹ́. Bó bá ń sáré, ó lágbára, á jó epo náà dà sí èéfín. Bó bá rọra láti dúró, epo á há a lọ́fun, á kú. Ó fa páìpù náà yọ, epo pupa sì kán sílẹ̀ láti inú rẹ̀, níbi tí kò yẹ kí epo kankan wà.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹsẹ̀ dírẹ́bà lè fa èyí?"

Ó wò mí, kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo, ọmọ mi? Rọ́bà ló gbó tó sì ya. Ẹsẹ̀ ènìyàn kankan kò dé ibẹ̀."

Àlàájì jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wo epo tó kán sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ti ṣẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti fi rọ́bà tuntun ránṣẹ́ láti Èkó, òun fúnra òun yóò gbé mọ́tò náà wá sí Ìlobù, níṣojú gbogbo ènìyàn. Èmi kò lè dúró de ìyẹn. Mo bẹ àbúrò mi kó bá mi mójú tó ìyá wa, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé ọkọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Mo bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, ó ń gbé iṣu jọ. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Rọ́bà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bí rọ́bà náà ṣe tóbi tó, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n fún un. Ó ní ó dáa, ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ náà kò wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gba iwájú ilé lọ sóko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí, mo sì fọ aṣọ tó máa ń wọ̀ wa mọ́tò, mo ká a sílẹ̀.

Nígbà tí rọ́bà tuntun dé láti Èkó, tí wọ́n sì fi í sínú mọ́tò, Àlàájì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó wá pẹ̀lú obì àti àwọn àgbà méjì láti Ìfọ́n, dírẹ́bà tuntun ló wa mọ́tò wá, gbogbo agbo ilé sì jáde. Ó ṣí fìlà lórí. Ó ní, "Àna mi, mo fi ohun tí o kò ṣe kàn ọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní kó gbé òun lọ sí Òṣogbo bí ìgbà àtijọ́, kí èmi náà bá wọn lọ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó gbà á. Ó wọlé lọ wọ aṣọ tí mo fọ̀. Nígbà tó jókòó sídìí mọ́tò, mo rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ láti ẹ̀yìn níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú Àlàájì, mo sì rí i pé ó ń làágùn.

Mọ́tò gbéra, ó ń lọ kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Àwọn ènìyàn ń juwọ́ sí wa lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí a dé iwájú ọjà Ìlobù, èrò pọ̀, ó sì yẹ kó rọra. Ó rọra. Kí n tó mí, mọ́tò dúró gbì lójú kan. Gbogbo wa fò síwájú, mo fi ẹnu gbá àga, ẹ̀jẹ̀ dé ahọ́n mi. Ọjà dákẹ́. Gbogbo wọn ń retí ohun tó máa ń tẹ̀lé e.

Mo yọjú wo iwájú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló wà lórí bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ti ṣe ohun tí wọ́n ní ó máa ń ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó ń dún lábẹ́ wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi tún tẹ bíréèkì náà sí i, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò kú. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tún fi lu ú mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún lọ.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Àlàájì, kò kú."

Àlàájì ní, "Kò kú, ọmọ mi."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, kò kú. Ká tilẹ̀ ní mo tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ìyẹn kọ́ ni ì bá pa á."

Ó gbé orí lé apá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún láàárín ọjà, ọkùnrin tí mi ò tíì rí omi lójú rẹ̀ rí. Àlàájì na ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó jọ̀ọ́, kó máa wà á lọ, pé títí láé ni mọ́tò náà yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi nu ojú. Fúnra rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Àlàájì lọ́wọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun ti kọ́ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, òun kò lè fọkàn tán an mọ́, ó sì kọrí sílé. Kò tún jókòó sídìí ọkọ̀ kankan mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn ará ọjà ya sọ́tùn-ún sósì fún un. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kí i pé, "Dírẹ́bà, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Kò dáhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀ níwájú mi títí a fi délé.